Kòmì àti Ilé Onítáyà Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ni Kòmì. Àwọn awakọ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó máa ń ti ẹnu rẹ̀ jáde bí ó bá parí iṣẹ́. Bí ó bá ti de síkúrù tó kẹ́yìn, yóò gbé ọwọ́ lé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn mọ́ inú ọkọ̀, yóò tì í síwájú, yóò fà á sẹ́yìn, yóò rọra gbá a bí ẹni ń gbá ẹ̀yìn ọmọ tó jẹun yó, yóò sì wí pé, "Kò mì." Ó parí nìyẹn. Rédíò ni o, iná ni o, fáànù kékeré tí àwọn awakọ̀ ọ̀nà jíjìn máa ń so sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ni o, ohun tí Kòmì bá kàn mọ́ ọkọ̀, ọkọ̀ ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́ kí ohun náà tó tú.

Rewáyà ni, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tó ń gbé, pẹ̀lú ilẹ̀kùn páànù tó máa ń ké bí wọ́n bá ń ṣí i láàárọ̀. Wáyà so rọ̀ lára ògiri, pupa lókè, dúdú nísàlẹ̀. Fíúùsì wà nínú agolo kọfí, síkúrù wà nínú agolo mílíìkì, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dà wọ́n pọ̀. Òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ní ọwọ́ méjì tí òun ní ń bára wọn jà tó, òun kò wá ẹlẹ́kẹta.

Ó ní àṣà kan tí àwọn rewáyà yòókù fi máa ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Kò ní lu ihò sára dáṣíbọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ gé páálí. Yóò wọn ohun tí wọ́n fẹ́ kàn, yóò gé páálí ní ìwọ̀n rẹ̀ gẹ́lẹ́, yóò ní kí ẹni tó máa wa ọkọ̀ náà jókòó sí àyè rẹ̀, kó di sítíárìn mú, kó wo iwájú bí ẹni tó wà lórí eré. Ìgbà náà ni yóò na páálí sí i.

"Ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé e síbi tí ojú yín bá fẹ́ ẹ."

Ibi tí awakọ̀ bá gbé páálí sí ni Kòmì máa fi pẹ́ńsùlù sàmì sí. Ó ní ojú ènìyàn méjì kì í rìn bákan náà, ihò tí a bá sì ti lu, a ò lè gbé e mì. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Télọ̀ ọkọ̀, ṣé kò sí ṣòkòtò kan tó o fẹ́ wọ̀n?" Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n ń padà sí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi í sẹ́nu iṣẹ́ náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Kòmì nígbà tí bàbá wọn kú. Ẹ̀gbọ́n ti lé ní ogún ọdún nígbà náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Ó mú àbúrò rẹ̀ sọ́dọ̀. Òun ló fà á lọ́wọ́ lọ bá ọ̀gá rewáyà, òun ló ra síkúrúdíráfà àkọ́kọ́ fún un, èyí tí èèkù rẹ̀ pupa, tí Kòmì ń lò títí di òní. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n, tí Kòmì ń pè ní Àǹtí, ló fi ọdún mẹ́rin fọ aṣọ iṣẹ́ tí epo ọkọ̀ ti sọ di awọ. Òun ló sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, torí ìgbà yẹn ó tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Lónìí, ikùn Kòmì ló máa ń kọ́kọ́ wọ inú ọkọ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé, ṣùgbọ́n Àǹtí kò yí orúkọ náà padà. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi," ni yóò máa wí, "rọra jókòó, àga yẹn ní ìyá."

Ilé Ẹ̀gbọ́n àti ilé Kòmì jọ pín ògiri kan. Láti ìgbà tí ìyàwó Kòmì ti kú, ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, tábìlì Àǹtí ló ti ń jẹun alẹ́. Kòmì kò bímọ. Àwọn méjèèjì yẹn ló ní láyé.

Ní ibi iṣẹ́, Máàpù ni wọ́n ń pe Ẹ̀gbọ́n. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi wa ọkọ̀ akẹ́rù. Wọ́n ní bí wọ́n bá fi aṣọ bò ó lójú, tí wọ́n gbé e sọ̀ sí oríta tí kò dé rí, yóò yí ojú sí atẹ́gùn, yóò sì sọ ọ̀nà tó lọ sílé. Bí ó bá ti ọ̀nà dé, á jókòó ti Àǹtí, á máa ròyìn: adágún omi tí ẹyẹ bò tí ènìyàn kò fi rí omi, ìlú kan lórí òkè tí ìkùukùu máa ń wọ ojú fèrèsé, afárá tí ọkọ̀ ń gùn fún ìdajì wákàtí. Àǹtí kò kọjá ibùdókọ̀ tó kẹ́yìn ìlú rí. "Màá mú ẹ dé gbogbo rẹ̀," ni Ẹ̀gbọ́n máa ń wí. Ọdún ń gorí ọdún, ọmọ méjì dàgbà, wọ́n lọ sílé ọkọ, Àǹtí kò yéé gbọ́ "màá mú ẹ lọ." Nígbà tó yá ó sọ ọ́ di àwàdà. Bí iyọ̀ bá tán, á ní, "Dádì wọn, nígbà tí ẹ bá ń mú mi lọ sí adágún, ẹ jẹ́ ká ra iyọ̀ lọ́nà."

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n fẹ̀yìn tì, ó gba owó tí wọ́n fún un, ó fi ra ọkọ̀ àlòkù kan tí ó jẹ́ ilé. Ọkọ̀ gígùn funfun ni, bẹ́ẹ̀dì wà lẹ́yìn rẹ̀, sítóòfù olójú méjì wà láàárín, àwo ìfọwọ́ kan wà níbẹ̀ tí kò tóbi ju abọ́ ọbẹ̀ lọ. Àdúgbò sọ ọ́ ní Ilé Onítáyà. Ẹni tó tà á ló wà á wá. Ẹ̀gbọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń juwọ́ sí àwọn aládùúgbò bí olóyè. Kòmì dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó rí i, ó sì yà á lẹ́nu díẹ̀ pé Máàpù jókòó sí àyè èrò nínú ọkọ̀ ara rẹ̀. Ó rò ó pé bóyá ó fẹ́ sinmi ni. Kò rò ó kọjá bẹ́ẹ̀.

Ìyá Télọ̀, tó ń ránṣọ ní igun òpópónà, ló rán kọ́tìnnì sí fèrèsé rẹ̀, aláwọ̀ ewé, pẹ̀lú ìgbátí funfun. Àǹtí ra ìkòkò kékeré méjì. Ó pa ilé mọ́, ó fọ aṣọ ibùsùn, ó kọ orúkọ gbogbo ibi tí Ẹ̀gbọ́n ti ń ròyìn fún un sínú ìwé kan. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n máa gbéra.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ẹ̀gbọ́n gbé páálí kan wọ ṣọ́ọ̀bù Kòmì. Ẹ̀rọ ajúwe-ọ̀nà ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tó ń fi àwòrán ọ̀nà hàn, tó sì ń sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ fẹ̀ tó ìwé àjákọ tí a là sílẹ̀.

Kòmì bú sẹ́rìn-ín. "Máàpù ń ra máàpù! Ẹja ti ń ra omi nìyẹn o, Ẹ̀gbọ́n."

"Ọ̀nà ti yí padà. Wọ́n ti la èyí tí a kò mọ̀."

"Èyí tóbi o. Ṣé ẹ fẹ́ máa wo bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀ ni?"

"Ìwọ wá kàn án, má bi mí ní ìbéèrè ọlọ́pàá."

Kòmì gé páálí bí ìṣe rẹ̀. Ó tẹ̀lé Ẹ̀gbọ́n wọ inú ọkọ̀. Láti ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń gbọ́ ohùn Àǹtí tó ń kó àwo sínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ń kọrin jẹ́jẹ́, kí ó tó sọ̀kalẹ̀ lọ kó ìyókù nínú ilé.

"Ẹ jókòó dáadáa. Ẹ di sítíárìn mú. Ẹ máa sáré."

"Ta ni mò ń sáré lé?"

"Àǹtí ni. Ó ti lọ dúró dè yín létí adágún."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó gba páálí. Ó gbé e síwájú ara rẹ̀ gan-an, lókè sítíárìn, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti gíláàsì iwájú. Ó bo títì mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ṣe ń bo ìkòkò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bá mi ṣeré. Ọ̀nà dà?"

"Ọ̀nà wà níbẹ̀."

"Ẹ ń rí i láti inú páálí?"

"Mo ń rí i lókè páálí. Sàmì síbẹ̀."

Kòmì gba páálí lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sáàárín dáṣíbọ́ọ̀dù, sápá ọ̀tún, níbi tí gbogbo awakọ̀ máa ń gbé e sí. Ó dúró kí Ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ń wo iwájú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí sítíárìn.

"Gbé e wá, jẹ́ kí n rí i," ló wí níkẹyìn.

"Ó ti wà níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀gbọ́n yí gbogbo orí rẹ̀ padà, bí òwìwí ṣe ń yíjú, ó ń wá a kiri kí ojú rẹ̀ tó bà lé e. "Ẹn-ẹ́n. Mo rí i. Kò dára níbẹ̀."

Kòmì kò mọ ìdí tó fi ṣe ohun tó ṣe lẹ́yìn náà. Ó mú síkúrúdíráfà eléèkù pupa, ó na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ọ̀tún Ẹ̀gbọ́n, ó sì ń gbé e bọ̀ níwájú díẹ̀díẹ̀. Ó kọjá etí. Ó kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀gbọ́n kò ṣẹ́jú. Ó kù díẹ̀ kí irin náà kan imú rẹ̀ kó tó fò sẹ́yìn.

"Kí lo ń ṣe? Ṣé o fẹ́ fọ́ mi lójú ni?"

Kòmì gbé irin náà sílẹ̀. Ife tí Ẹ̀gbọ́n máa ń gbá dànù lórí tábìlì, tí á ní, "Ta ló gbé e síbí?" Àga tó máa ń kọlù. Ẹni tó ta ọkọ̀, tó wà á wá. Gbogbo rẹ̀ tò wọ ọkàn Kòmì lẹ́ẹ̀kan náà, bí àlejò tí a kò pè.

"Ó ti tó ìgbà wo?"

Ẹ̀gbọ́n ṣí àpótí kékeré tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó mú ìgò oògùn ojú kan jáde, ó fi hàn án, ó tún dá a padà.

"Ọdún méjì. Dókítà ní láti ẹ̀gbẹ́ ni ojú mi ti ń kú bọ̀ sáàárín. Ó dà bí ẹni ń yọjú láti inú ọ̀pá omi. Ṣùgbọ́n àárín mọ́ kedere. Mo lè ka ìwé ìròyìn."

"Àǹtí mọ̀?"

"Bí ó bá mọ̀, ṣé yóò máa kọrin?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lè wa ọkọ̀ yìí."

"Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ra ẹ̀rọ ńlá. Ibi tí ọ̀nà bá ti yà, yóò fi hàn mí. Bí o bá kàn án síwájú mi, ọ̀nà àti ẹ̀rọ á jọ wà nínú ìwọ̀nba ojú tó kù fún mi. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni. Tá a bá ti dé, màá fi kọ́kọ́rọ́ lé ọ lọ́wọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n wà yín lọ. Màá ti ṣọ́ọ̀bù pa."

Ojú Ẹ̀gbọ́n le. "Kí o wa èmi? Kí ìyàwó mi jókòó, kó máa wo ẹ̀yìn orí rẹ dé adágún? Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń sọ fún un pé *èmi* ni màá mú un lọ. N kò sọ pé èmi àti ìwọ." Ó wo síkúrúdíráfà tó wà nílẹ̀. "Ta ló ra irin yẹn fún ọ?"

Ẹni tí a bá fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ há mọ́ kọ̀rọ̀, ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní. Kòmì fi pẹ́ńsùlù sàmì. Ó lu ihò mẹ́rin, ó fi rọ́bà sábẹ́ irin kí ó má baà gbọ̀n, ó fa wáyà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lọ sídìí bátìrì, ó fi fíúùsì tirẹ̀ sí i lọ́tọ̀. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Kò sí ibì kan tí wáyà ti yọjú. Ó ṣe é bí ẹni ń rán aṣọ òkú. Nígbà tó parí, ó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀.

"O ò wí nǹkan?" Ẹ̀gbọ́n bi í.

"Kò mì, Ẹ̀gbọ́n."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ẹtì, Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n wa ọkọ̀ náà yí àdúgbò ká kí ara rẹ̀ lè mọ́ ọn. Kòmì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àǹtí wà lẹ́yìn, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó di kọ́tìnnì mú. Ẹ̀gbọ́n tan ẹ̀rọ, obìnrin inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: "Ẹ máa lọ tààrà. Ẹ yà sí ọwọ́ ọ̀tún."

"Ta ni olóhùn dídùn yìí?" Àǹtí kígbe láti ẹ̀yìn. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí, ẹ ò gbọ́ tèmi rí. Ẹ wò ó bí ẹ ṣe ń gbọ́ tirẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn. Ó wa ọkọ̀ náà pẹ̀lẹ́. Ìjókòó rẹ̀, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe dúró lórí sítíárìn, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀gá, débi pé fún ìṣẹ́jú mélòó kan Kòmì gbà fún ara rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe.

Wọ́n dé igun òpópónà. Ìyá Télọ̀ jáde láti apá ọ̀tún, aṣọ tó ti lọ̀ wà lórí apá rẹ̀ bí ọmọ. Ó rí ọkọ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ torí kọ́tìnnì ara rẹ̀ ló ń kọjá lọ, ó sì gbà pé Máàpù ti rí òun. Ó gbé ẹsẹ̀ sí títì.

"Ọ̀tún!" Kòmì pariwo. "Ọ̀tún, Ẹ̀gbọ́n!"

Ẹ̀gbọ́n kò yíjú sí ọ̀tún. Ojú ẹ̀rọ ló gbójú sókè wò, kó wá ọ̀tún nínú rẹ̀.

Kòmì fa sítíárìn. Díńgí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gbá Ìyá Télọ̀ ní apá, ó ṣubú, aṣọ fọ́n káàkiri títì. Ọkọ̀ náà lọ fi imú gbá òpó iná kan, ó dúró. Obìnrin inú ẹ̀rọ kò dákẹ́. "Ẹ máa lọ tààrà," ló ń wí.

Apá ọ̀tún Ìyá Télọ̀ ṣẹ́ ní ọ̀nà méjì.

Nígbà tí ọlọ́pàá ojú pópó dé, èrò ti pé. Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ó nàka sí inú gíláàsì. "Ẹ̀rọ yẹn ló dí mi lójú. Ẹ wo ibi tí wọ́n kàn án mọ́."

Ọlọ́pàá yọjú wò ó. "Ta ló kàn án síbí?"

Àǹtí wo Kòmì. Gbogbo èrò wo Kòmì. Ẹ̀gbọ́n nìkan ni kò wò ó.

"Èmi ni," Kòmì dáhùn.

"Iwájú ojú awakọ̀? Ṣé orí rẹ pé báyìí?"

Ohun tí ọlọ́pàá sọ kì í kúkú ṣe irọ́. Ọwọ́ Kòmì ló lu ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì mọ ohun tó ń lù. Ọlọ́pàá kọ̀wé, ó ní kí wọ́n yọ ẹ̀rọ náà níbẹ̀ kí ọkọ̀ tó tún jáde, ó sì kọ orúkọ rewáyà sílẹ̀ lẹ́yìn orúkọ awakọ̀.

Kí ọjọ́ Àìkú tó pé, orúkọ tuntun ti dé ọ̀nà. Adínilójú. Awakọ̀ kan tó gbé rédíò sílẹ̀ fún Kòmì wá gbà á padà láìtíì kàn án. "Má bínú, bàbá," ó ní, "ìyàwó mi ní n kò gbọ́dọ̀." Òmíràn kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó fi ọwọ́ bo ojú, ó ń táràrà bí afọ́jú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Kòmì lọ kí Ìyá Télọ̀. Wọ́n ti di apá náà láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà ní igun yàrá, wọ́n fi aṣọ bò ó. Obìnrin náà kò bú u. Bóyá kó bú u ni ì bá sàn.

"Bí ó bá jẹ́ rewáyà mìíràn, n kò ní rò ó," ó wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ? Ìwọ tó ń gé páálí?"

Kòmì jókòó níbẹ̀ títí tii tí wọ́n gbé fún un fi tutù.

Ní ọjọ́ Ajé, Ẹ̀gbọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó kọlu agolo síkúrù lẹ́nu ọ̀nà, ó dà á nù. "Ta ló gbé e síbí?" ó wí. Kòmì bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa á.

"Wá sún ẹ̀rọ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́," Ẹ̀gbọ́n wí, "kí ẹnu ọlọ́pàá lè pa dé. Ọ̀kan lára díńgí ló fọ́, mo ti rà á. Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ la máa lọ."

"Ẹ ṣì máa lọ?"

"Àǹtí rẹ ti di ẹrù tán."

"Ìyá Télọ̀ ńkọ́?"

"Mo ti fi èso ránṣẹ́ sí i." Ó yà sí ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ó jọ pé ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú títì. "Ṣe é kó má mì," ló wí, ó lọ.

Ọjọ́ kejì ni Kòmì mú páálí rẹ̀ wọ ilé onítáyà. Ó bẹ Àǹtí pé kó wá jókòó sí àyè èrò, kó bá òun wo ibi tó dára. Ẹ̀gbọ́n ti wà nídìí sítíárìn. Nígbà tó gbọ́ tí Àǹtí ń gun àtẹ̀gùn ọkọ̀, ó fura, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù.

"Ẹ wo iwájú, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa sáré. Ẹ sọ fún mi bí ẹ kò bá rí páálí mọ́."

"Mo ń rí i."

Kòmì sún un sí ọ̀tún, bí ìbú ọwọ́ méjì.

"Mo ń rí i."

Kòmì gbé páálí kúrò pátápátá. Ó gbé e lé orí itan Àǹtí.

"Ẹ ṣì ń rí i?"

"Mo ń rí i, ó wà níbẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ dára. Lù ú síbẹ̀."

Àǹtí wo páálí tó wà lórí itan rẹ̀. Ó wo dáṣíbọ́ọ̀dù tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀, tó jókòó gbọnrangandan, tó tẹjú mọ́ iwájú bí ọmọ tó mọ̀ pé òun yege ìdánwò.

"Dádì wọn," ó wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ kéré. "Páálí wà lọ́wọ́ mi."

Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n sọ̀kalẹ̀ lórí sítíárìn díẹ̀díẹ̀. Kò yíjú sí ẹnikẹ́ni. Nígbà tó sọ̀rọ̀, Kòmì ló bá wí.

"Bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ mi. Ọmọ tí mo tọ́ kò lè gba ojú mi kó tún dúró níwájú mi. Láti òní, ògiri ló wà láàárín wa, kì í ṣe ilẹ̀kùn."

Kòmì bọ́ sílẹ̀. Ó rò pé Àǹtí máa dúpẹ́, bí kì í bá ṣe lọ́jọ́ náà, bóyá lọ́la. Àǹtí tẹ̀lé e dé ìdí géètì, páálí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọjọ́ wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́bọ̀, Àǹtí."

"Ọjọ́ Ẹtì ni mo jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ yẹn." Ó na páálí sí i. "O mọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, o sì lu ihò. Apá Ìyá Télọ̀ ṣẹ́, o ní ìwọ ni, mo bínú sí ọ, mo sì ṣàánú rẹ. N kò mọ̀ pé àánú náà kò tọ́ sí ọ."

Kò pè é ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Kò sì tún pè é bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ojú Ẹ̀gbọ́n kò jáde láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àdúgbò gbọ́ pé Máàpù kò fẹ́ràn ọkọ̀ náà mọ́ lẹ́yìn ìjàǹbá. Kòmì kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, bí wọ́n tilẹ̀ ń pè é ní Adínilójú níṣojú rẹ̀. Máàpù ni Ẹ̀gbọ́n jẹ́ di òní lẹ́nu wọn. Ìyá Télọ̀ padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ṣùgbọ́n apá náà kì í nà tán, kò sì gba iṣẹ́ kọ́tìnnì mọ́. Iṣẹ́ tí ó bá dé ṣọ́ọ̀bù Kòmì báyìí, iná ẹ̀yìn ni, tàbí bátìrì tó kú. Kò sẹ́ni tó ń gbé ohun dáṣíbọ́ọ̀dù wá bá a.

Ilé onítáyà wà nínú ọgbà Ẹ̀gbọ́n títí di ìsinsìnyí, ewé ti ń hù lábẹ́ rẹ̀. Lọ́sàn-án, lẹ́yìn oúnjẹ, Ẹ̀gbọ́n máa ń gùn ún, yóò jókòó sí àyè awakọ̀, yóò tan ẹ̀rọ ajúwe-ọ̀nà. Kòmì ń gbọ́ ọ láti òdìkejì ògiri. Ẹ̀gbọ́n á tẹ orúkọ adágún sí i. Obìnrin inú ẹ̀rọ á ní, "Ẹ máa lọ tààrà." Bí wọn kò bá lọ, á dákẹ́ díẹ̀, á tún un wí. Nígbà mìíràn Kòmì máa ń gbọ́ ohùn Àǹtí náà níbẹ̀, tó ń bi í pé kí ló kù lọ́nà, àti ti Ẹ̀gbọ́n tó ń sọ fún un: oríta kan báyìí, ibi tí wọ́n ti ń ta epo, igi ńlá kan, lẹ́yìn rẹ̀ ni afárá.

Ẹ̀rọ náà ń mu bátìrì. Ní Ọjọ́rú, nígbà tí Ẹ̀gbọ́n bá lọ sí ilé-ìwòsàn ojú, Kòmì máa ń kan géètì. Àǹtí á ṣí i, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ní kí i. Kòmì á so bátìrì mọ́ iná, á dúró títí yóò fi kún, á nu eruku ojú ẹ̀rọ nù. Kí ó tó sọ̀kalẹ̀, yóò gbé ọwọ́ lé e, yóò tì í síwájú, yóò fà á sẹ́yìn. Ibi tó kàn án mọ́ ní Ọjọ́bọ̀ náà ló ṣì wà, lórí síkúrù mẹ́rin àti rọ́bà, níwájú gíláàsì tí ọ̀nà kò gbà lọ.

Yóò kó irinṣẹ́ rẹ̀, kò sì ní wí nǹkan kan.